Ẹni Tí Yóò Di Orí Mi Mú

Èmi, Ìfẹ́táyọ̀ Àjíkẹ́ Oyèkànmí, ọmọ bíbí ìlú Ìkìrun, onídìrí ní òpópónà Corso Giulio Cesare ní ìlú Torino, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ni mo jókòó kọ ìwé ìhágún yìí lónìí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ọpọlọ mi pé. Ọkàn tó ń lù láyà mi nìkan ni kò pé, òun náà ni àwọn dókítà yóò là ní Ọjọ́bọ̀ láti tún un ṣe. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi kọ ọ́. Bí mo bá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ dá ìwé mi padà fún mi, ẹ má sì bi mí ní ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí n kò bá jí, ẹ kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orí mi.

Notaio, amòfin ìwé ogún tí mo lọ bá, sọ fún mi pé èdè tó bá wù mí ni mo lè fi kọ ọ́, kí n ṣáà ti fi ọwọ́ mi kọ ọ́ láti òkè délẹ̀, kí n kọ ọjọ́ sí i, kí n sì buwọ́ lù ú. Ó ní kò nílò ẹlẹ́rìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wá ẹlẹ́rìí, nítorí ní ilé tí wọ́n ti bí mi, ọ̀rọ̀ ogún tí kò ní ẹlẹ́rìí, ìjà ló ń dà.

Nípa orúkọ mi. Orúkọ tí bàbá wa sọ mí ni mo ṣì ń jẹ́. Nígbà tí tribunale, ilé ẹjọ́ wọn, gbà pé kí wọ́n kọ mí sí obìnrin nínú ìwé mi, wọ́n bi mí pé orúkọ tuntun wo ni mo mú. Mo ní Ìfẹ́táyọ̀. Wọ́n ní ti àtijọ́ ńkọ́, mo ní Ìfẹ́táyọ̀ náà ni. Akọ̀wé wo adájọ́, adájọ́ wo òkè àjà. Oríkì mi nìkan ni ó yí. Àjàní ni wọ́n ń kì mí ní kékeré, oríkì ọkùnrin ni. Olúrónkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ni ó kọ́kọ́ pè mí ní Àjíkẹ́, nínú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ó sì pariwo rẹ̀ débi pé awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tribunale lọ.

1. Mo yan Olúrónkẹ́ Fọláwẹ̀mí, tó ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní ọjà Porta Palazzo, láti jẹ́ alábòójútó ìwé yìí. Òun ni kí ilé ìwòsàn gbé òkú mi fún. Kí wọ́n má gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, Adémilúyì Oyèkànmí tó ń gbé ní Alessandria, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjèèjì nìkan ni ìyá wa bí. Olúrónkẹ́, gba òkú mi, ṣùgbọ́n má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́, o ó fẹ́ tì í. Ka ìwé yìí dé ìparí kí o tó gbé kọ́kọ́rọ́.

2. Ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú àga, dígí, ẹ̀rọ ìgbẹrun àti gbogbo irinṣẹ́ inú rẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún Sofia Oyèkànmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kí ó máa ṣí i ní Ọjọ́ Ajé.

Ní ìlú yìí, àwọn tó ń ṣe irun máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ Ajé ní ọjọ́ tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọjọ́ náà wúlò. Mo máa ń fa saracinesca, irin ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wálẹ̀ dé ìdajì, àwọn tí kò lè jókòó síwájú fèrèsé lójú gbogbo ayé yóò sì bẹ̀rẹ̀ wọlé. Àwọn kan jẹ́ obìnrin bíi tèmi. Àwọn kan jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ wọ kaba fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Wọ́n ń bọ̀ láti Padova, láti Bologna, pẹ̀lú aṣọ wọn nínú báàgì eré ìdárayá. Marisa, tó wa tram ní ìlú yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì, ti ń bọ̀ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Sofia, wọn kì í tètè sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Kọ́kọ́ fọ orí wọn. Ẹni tí a bá ń fi omi gbígbóná fọ orí fún kì í pẹ́ sọ òótọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá yóò fẹ́ irun aláwọ̀ wúrà tó gùn dé ìdí. Jẹ́ kí ó dé e, kí ó wo ara rẹ̀ tẹ́rùn, kí o tó rọra mú èyí tó bá ojú rẹ̀ mu jáde. Etí wíìgì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìka mẹ́rin sókè irun ojú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dàbí fìlà. Ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ le, fi ìkunra pupa díẹ̀ sí ibi tó ṣú kí o tó fi púdà lé e. Púdà nìkan, eérú ni yóò dà lójú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ Torino máa ń fi ẹfun sílẹ̀ sára irun, nítorí náà kán ọtí kíkan díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn. Ní ìgbà òtútù, rán sátíìnì sínú fìlà wọn, nítorí òwú àgùntàn ń já irun iwájú orí, ó já tèmi kí n tó gbọ́n. Má sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi rẹ́rìn-ín.

3. Àwọn wíìgì mi, kaba mi, àti bàtà mi tó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, tí mo fẹsẹ̀ rìn gbogbo Padova kí n tó rí wọn rà, kí àwọn èrò Ọjọ́ Ajé pín wọn láàárín ara wọn. Kí wọ́n má jà sí kaba aláwọ̀ ewé. Marisa ni mo fún, òun nìkan ló ní èjìká tó lè gbé e.

4. Ológbò mi, Boccolo, mo fi sílẹ̀ fún Olúrónkẹ́, tó ń pè é ní àjẹ́ láti ọjọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n. Mo ti rí ọ nígbà tí o ń fún un ní ẹja panla lẹ́yìn mi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ jọ máa gbé.

5. Ilé mi ní Ìkìrun, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, Adémilúyì, pátápátá, láìsí àdéhùn kankan. Olúrónkẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n so ilé náà mọ́ ìwà tí ẹ̀gbọ́n mi bá hù sí òkú mi: bí wọ́n bá ṣe dáadáa, kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, bí wọ́n bá ṣe búburú, kí ilé lọ sọ́dọ̀ ìjọ wa. Mo rò ó, mo sì kọ̀. Ọwọ́ tí mo bá fi ilé rà, bí ẹni ń gbé ẹrù ni yóò ṣe gbé mi. Ilé yín ni, ẹ̀gbọ́n mi, ohun yòówù kí ẹ ṣe.

6. Àlùmọ́gàjí mi, èyí tó ní ọwọ́ dúdú, tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo fi jogún fún wọn náà. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ohun jíjí mọ́.

Kí àwọn tó ń ka ìwé yìí lè mọ bó ṣe dé ọwọ́ wọn, mo ní láti sọ ọ́. Ní àkókò náà, ilé bàbá rẹ̀ ní Alessandria ni Sofia ṣì ń gbé, Olújùwọ́n ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun ń lọ sí yunifásítì, ọkọ̀ ojú irin a sì gbé e wá bá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún un. Ọjọ́ Ajé kan, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọlé lábẹ́ saracinesca pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tó ń dán lọ́rùn wọn, wọ́n sì bá ọmọ wọn lábẹ́ ọwọ́ mi, orí rẹ̀ dì dé ìdajì. Wọ́n ní kí Olújùwọ́n dìde. Ọmọ náà kò yí ojú kúrò níwájú dígí. Ó ní, «Papà, mi chiamo Sofia. Aspetta, non ha finito.» Ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé Sofia ni òun ń jẹ́, kí wọ́n dúró, èmi tó ń dì í kò tíì parí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró. Wọ́n mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì mi, wọ́n gé ẹsẹ̀ irun méjì tó wà níwájú orí ọmọ náà, wọ́n sì sọ pé èmi ni mo ba àwọn lọ́mọ jẹ́. Irun náà bọ́ sórí bàtà mi. Wọ́n ki àlùmọ́gàjí bọ àpò, wọ́n jáde, irin saracinesca sì lù wọ́n lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Marisa ló kó irun náà nílẹ̀. Sofia kò padà sí Alessandria mọ́, àwa ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ní ìjọ pé àwọn dókítà yóò là mí, wọ́n sì pè mí. Inú mi kọ́kọ́ dùn nígbà tí mo rí orúkọ wọn lórí fóònù. Wọ́n ní, «Àjàní, tí o bá kú sí wọn lọ́wọ́, èmi ni ẹbí ẹ, èmi ni wọ́n máa gbé ẹ fún. Àlùmọ́gàjí yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá gé gbogbo irun yẹn, màá wọ agbádá fún ẹ, ọkùnrin tí ìyá wa bí ni a máa sin.» Wọ́n sì pa fóònù. Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà mọ́. Àlùmọ́gàjí yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Mo máa ń fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi lójú oorun bóyá irun mi ṣì wà níbẹ̀.

7. Nípa orí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí.

Nígbà tí ìyá wa kú, irun wọn wà ní títú, nítorí àìsàn kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó fún onídìrí. Onídìrí agboolé wa ní òun kò lè fọwọ́ kan òkú. Àwọn àgbà ní kí wọ́n fi gèlè bò ó. Ẹ̀yin lẹ wá bá mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń sunkún, tí ẹ ní, «Àjàní, ìwọ mọ̀ ọ́n dì.» N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé mo mọ irun dì. Ẹ ti rí mi níbi tí mo ti ń di irun àgbàdo, ẹ ti rí i tipẹ́, ẹ kò sì fi mí sun bàbá. Nínú ayé yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ mí.

Ẹ ti ìlẹ̀kùn. Kòlẹ́sẹ̀ ni mo dì fún wọn, nítorí òun ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ mọ̀ pé kòlẹ́sẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ níwájú orí, a sì parí sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ kò sì ṣeé dì, àfi bí ẹnìkan bá gbé orí náà sókè. Ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ gbé orí ìyá wa lé àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì, ẹ kò sì gbé e sílẹ̀ títí mo fi parí. Nígbà tí a jáde, wọ́n bèèrè ẹni tó dì í. Ẹ ní ó ti di dídì, kí wọ́n jẹ́ ká gbé wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ yín lọ́jọ́ náà, ìfẹ́ náà kò sì kúrò nínú mi, títí kan ọjọ́ tí ẹ mú àlùmọ́gàjí.

Nítorí náà, ohun tí mo pa láṣẹ nìyí. Kí wọ́n má dé wíìgì fún mi. Irun tèmi gan-an ni kí Sofia dì, kòlẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ìlàrí tí ìyá wa fi ń la irun, èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Iwájú orí mi ti pá díẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ibẹ̀. Nígbà tí ó bá dé ìpàkọ́, ẹnìkan ní láti di orí mi mú. Olúrónkẹ́ ní òun yóò ṣe é. Marisa náà bẹ̀ mí. Mo kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Àyè yín ni, ẹ̀gbọ́n mi, n kò sì fi fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ kò bá wá, kí Sofia dì í dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá lè dé, kí ó fi ìpàkọ́ sílẹ̀ láìdì, kí wọ́n sì sin mí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá wá, ẹ lè mú àlùmọ́gàjí yín dání, mo ti fún yín, kò sí ẹni tí yóò yẹ àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti ọmọ yín. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń di orí òkú mú. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣe é rí.

Mo fọwọ́ sí i ní Torino, ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, saracinesca wà ní ìdajì.

Ìfẹ́táyọ̀ Àjíkẹ́ Oyèkànmí

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Tíolúwaní Dúrójayé, akẹ́kọ̀ọ́ láti Padova, tó wá tún wíìgì rẹ̀ ṣe.

Marisa, awakọ̀ tram tó ti fẹ̀yìn tì. Ó bi mí pé orúkọ wo ni kí òun kọ, mo ní kí ó kọ èyí tó ń jẹ́.