Wọ́n ní torí mi ò bí Ìdòwú ni orí mi fi ń dàrú

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àbúrò ọkọ mi máa ń ka page yìí. Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ṣe family planning, èyí tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ apá, ọkọ mi ló sì mú mi lọ ṣe é. Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn, ọkọ mi ló mú mi lọ.

Àdúgbò Àgùdà là ń gbé, mo ń ránṣọ, ọkọ mi ń tún AC ṣe. Ọmọbìnrin kan la kọ́kọ́ bí kí àwọn ìbejì tó dé, ìbejì yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi... ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí mi lára, ọkọ mi ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Dókítà ní tí mo bá tún lóyún, ó léwu gan-an. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bi nọ́ọ̀sì pé èwo ló máa ń pẹ́ jù lára. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí mi lápá, òun ló gbé àwọn ìbejì dání, ó tiẹ̀ ń ṣàwàdà pé òun ti rítáyà lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ bíbí.

Ni ìyá rẹ̀ bá dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní àwọn wá bá mi gbé ọmọ. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi ń béèrè pé Ìdòwú dà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú tẹ̀lé wọn, orí rẹ̀ á dàrú. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ní Màmá, á dáa. Àfìgbà tí Màmá ń bá mi gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, tí wọ́n di apá mi mú, tí ọwọ́ wọn kan nǹkan náà. Wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́... Mi ò lè parọ́, mo sọ fún wọn.

Wọ́n pe ẹbí jọ sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Múṣin. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá ó mọ̀ sí i. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Èmi jókòó síbẹ̀ o! Wọ́n wá ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ní kí ni abilékọ fẹ́ fi irú ẹ̀ ṣe tí kì í bá ṣe pé ó ń yan àlè. Mo pariwo, mo pè é ní òpùrọ́, mo gbá tábìlì. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ? Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ kan rọra gba ọmọ lọ́wọ́ mi, bíi pé mo fẹ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Látìgbà yẹn, tí mo bá béèrè ta ló fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ mi jẹ́, wọ́n ní orí mi ti ń dàrú, Ìdòwú ni. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n ní mo ń ronú jù, Ìdòwú náà ni. Tó bá ku èmi àti ọkọ mi ní yàrá, á máa bẹ̀ mí, á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá ìyá òun jà, kí n ṣáà lọ yọ nǹkan apá mi yìí ká bí ẹyọ kan péré, kí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹyọ kan péré. Ṣé ó ti gbàgbé ẹ̀jẹ̀ yẹn ni? Àbí ó rántí, ojú ìyá rẹ̀ ló kàn ń tì í ju kí n kú lọ? Èwo ló burú jù nínú méjèèjì?

Wọ́n ní tó bá di Sunday tí ẹbí tún máa pàdé, kí n fi apá mi hàn pé mo ti yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n máa lọ sílé bàbá mi, kí n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún wọn. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kó wá jẹ́rìí, ó ní òfin iṣẹ́ òun ò gbà.

Mi ò ní yọ ọ́, ìyẹn dá mi lójú. Àmọ́ mo ní láti sọ òtítọ́ níwájú wọn. Tí mo bá fi sùúrù sọ ọ́, ọkọ mi á ní irọ́ ni, òun ni wọ́n á gbà gbọ́. Tí mo bá sì fi ìbínú sọ ọ́, wọ́n á ní wèrè ti dé, wọ́n á gba àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin ìyá ìbejì tó wà níbí, ẹ gbà mí... ohùn wo ni kí n fi sọ ọ́?