Kámẹ́rà Tí Kò Ní Awò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màámi ti ń yá, orúnkún ló kù. Èmi ló ti rẹ̀ tẹnutẹnu.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, mo ra kámẹ́rà gidi, irú ti Bàbá. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta awò tó fi ń ríran. Màámi ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi awò Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́jà ní á wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé òun nìkan lẹ mú nínú ẹrù tí Bàbá fi sílẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Màámi ni màá kọ́kọ́ fi yà, kí ẹ lè rí nǹkan gbé sí àyè awò náà.

Àbúrò yín ni.