Fídíò Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Ló Ba Páténtì Mi Jẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí Màámi. Ẹ̀gbọ́n Súnkànmí, ẹ kú àbójútó àwọn òbí wa. Òjò Yábàá kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ láti ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ara mi le. Inú ni kò dùn, mi ò sì ní bò ó. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí ọmọ ilé mìíràn lè fi kọ́gbọ́n.

Ẹ rántí ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe nítorí ojú Màámi? Ẹni tó ń kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì á yan bó ṣe fẹ́ rí i fúnra rẹ̀: lẹ́tà gbàǹgbà, àwọ̀ tó tù ú lójú, ìlà tó jìnnà síra, kí ìpolówó ọjà sì kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa yàn án. Ibi yòówù tó bá ṣí lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, nínú yàrá tí mi ò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Mo lọ béèrè fún páténtì ní ọ́fíìsì ìjọba, ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé ìwọ lo kọ́kọ́ hùmọ̀ nǹkan, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé pé, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú ìwé lásán ni mo tún tò, pé ẹni tó tún àga tò nínú pálọ̀ kò kọ́lé. Àga kẹ̀! Ohun tó mọ àkọlé yàtọ̀ sí ìpolówó, tó ń tún un ṣe fún ẹni tí ojú ń dùn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ? Lọ́yà mi, Àǹtí Bísí, ní òun lè bá wọn fa ìyẹn. Ó ní èyí tí òun ò lè fà ni fídíò.

Fídíò yín ni, Bàbá. Ẹ ní iṣẹ́ tuntun kì í jáde nílé wa kí àgbà má súre sí i. Mo gbà. Mo ya bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú fídíò fún yín, mo tú u palẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí, Bọ̀dá Láyí fi sí ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ibẹ̀ ló gbà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹ wá wo ọmọ wa! Òfin sì ní ohun tí gbogbo ayé ti rí kí fọ́ọ̀mù páténtì tó wọlé kì í ṣe tuntun mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ti gbé irú rẹ̀ jáde báyìí. Àwọ̀ tí Màámi fọwọ́ ara wọn yàn, òun gan-an ni wọ́n lò!

Màámi ní ìfẹ́ ló fà á. Mo mọ̀. Ìfẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí kó tó fi ránṣẹ́. Èmi tí mo kàwé okòwò náà jẹ̀bi: fọ́ọ̀mù ló yẹ kó ṣáájú àdúrà.

Òmíràn ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní sọ ohun tó ń ṣe, mi ò sì ní fi fídíò kankan ránṣẹ́. Ẹ bá mi súre sí i láìrí i. Oyún tó wà nínú ńkọ́, ṣebí ẹ máa ń súre fún un?

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú Màámi á mọ́lẹ̀ kalẹ́. Ẹ kí gbogbo agbolé, ẹ kí Bọ̀dá Láyí náà, bí mo ṣe ń bínú sí wọn tó yìí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bínú, tí kò sì lè kọ̀ yín,
Mopélọ́lá