Imú Alágbàfọ̀ Ló Bá Wa Ra Ọkọ̀

                                        Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwọn ìbejì náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbúrò ti ga ju ẹ̀gbọ́n lọ, wọ́n sì ti ń jà sí bàtà ara wọn. Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Àwa náà wà níbí, ara le, ọwọ́ ń fọṣọ. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n kí ọ. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n yọ apá tirẹ̀ kúrò nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, mo sì gbà fún un. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ra ọkọ̀! Wá ibi jókòó sí, kí o gbọ́ bó ṣe lọ, torí inú mi dùn débi pé mò ń kọrin fún aṣọ tí mò ń lọ̀.

Ní oṣù tó kọjá ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn ńlá pè mí, tó ní àwọn fẹ́ kó gbogbo aṣọ ibùsùn àwọn fún mi láti máa fọ̀. O mọ iye ọdún tí mo ti ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ aṣọ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, inú ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn ló sì gbọ́dọ̀ wà. Wọn ò fẹ́ rí ọmọlanke mi mọ́. Bí mi ò bá ní ọkọ̀ kí oṣù tuntun tó wọlé, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Bàbá àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ pupa kan nínú ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ọkọ̀ náà ń dán yanran. Kí n tó débẹ̀, ó ti ya fọ́tò nínú rẹ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé bí ẹni tó ti rà á lọ́dún tó kọjá. Mo mú mẹkáníìkì wa dání, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-bẹ̀rù, torí ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ nìyẹn. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, ó ní ó dára. Ó wà á yípo, ó ní kò sí wàhálà. Alágbàtà tó ń ta ọkọ̀ náà wá ń kán wa lójú, ó ní kí á ṣe kíá, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án.

Èmi náà wọlé, mo jókòó, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ìwọ lo fún mi lórúkọ Onímú nílé-ìwé, torí mi ò lè gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n má kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe tún wá mú un le sí i: mi ò kì í gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà láìgbóòórùn rẹ̀, kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti bu nílé má baà ní èmi ni mo bà á jẹ́. Wọ́n ti da lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ lọ́fínńdà yẹn, òórùn aṣọ tó mu omi yó, tí kò rí oòrùn, ló ń yọ wá bá mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ibí ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Òórùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ nínú ọkọ̀ búlúù rẹ lọ́jọ́ tí a jọ lọ rà á. Mo gbọ́ ọ, mo sì panu mọ́. Mo rò ó pé kí ni alágbàfọ̀ mọ̀ nípa ọkọ̀? Nígbà tí iná rẹ̀ wá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dákú lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ò ń gbé, tí àwọn òbí gba ọmọ wọn, tí o sì kó ẹrù padà sílé ìyá wa, àbámọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. O ò bú mi lọ́jọ́ kan, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Torí náà, mi ò panu mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo di bẹ́líìtì ìjókòó mú, mo fà á, mo fà á, títí kò fi lè jáde mọ́. Ibi tí ojú ń rí mọ́ tónítóní. Ibi tó máa ń wọ inú lọ sá pamọ́ ti gan, ilà omi pupa rúsúrúsú là á kọjá, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Alágbàtà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, aṣọ lẹ ń fọ̀ o, ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ wa."

Mo ní, "Bẹ́líìtì yìí kì í ṣe aṣọ ni? Ọkọ̀ yín ti rì sómi rí."

 Má-bẹ̀rù lọ sẹ́yìn, ó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ó sì bu iyanrìn odò ẹ̀kúnwọ́ kan jáde. Mo sọ̀ kalẹ̀, a sì bá tiwa lọ.

Bàbá àwọn ọmọ bínú o. Ó ní ọjọ́ márùn-ún péré ló kù, èmi wá ń kọ ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí òórùn. Fún ọjọ́ méjì, "ẹn" àti "ẹn-ẹn" ló fi ń dá mi lóhùn. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Lọ́jọ́ kẹta ni Màmá Tíṣà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, wá kó aṣọ rẹ̀. Ó ní ojú òun ò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ọkọ̀ òun torí kò lẹ́wà. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì rí ọkọ̀ náà tí ọkàn mi ti ń lọ sí i. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fọ aṣọ obìnrin yìí, bọ́tìnnì kan ò já sọnù rí. Bí etí aṣọ bá tú, á ti rán an kó tó gbé e wá. Ẹni tí kì í jẹ́ kí bọ́tìnnì dín, ṣé á jẹ́ kí ọ́ìlì gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì?

Síbẹ̀, mi ò fi ìyẹn nìkan ra ọkọ̀. Mo bẹ Màmá Tíṣà pé kó má ṣáná sí i kí á tó dé, torí ọkọ̀ tó ti gbóná lè fi ikọ́ rẹ̀ pamọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Má-bẹ̀rù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, ó tutù. Ó ṣáná sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dáhùn, kò sì rú èéfín. A wà á gun òkè, a wà á gba inú kòtò, mo tẹ bírèkì lójijì, kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu. Màmá Tíṣà tún gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde, gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe sí ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa, bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

Mo fa gbogbo bẹ́líìtì títí dé òpin, wọ́n mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ́ òórùn kápẹ́ẹ̀tì: ṣọ́ọ̀kì ni! Màmá Tíṣà bi wá pé kí ni mò ń wá nílẹ̀. Má-bẹ̀rù ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Mà. Àwọn ni ọ̀gá mi báyìí." Orí mi wú, ọ̀rẹ́ mi!

Ọkọ̀ náà kò lẹ́wà lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sóòrùn, táyà méjì ti jẹ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì kì í sì ṣí láti inú. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà gan-an la lọ yí ìwé ọkọ̀ sórúkọ mi.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, mo ti dé ilé-ìwòsàn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wo ọkọ̀, ó wo aṣọ, ó ní kí n gbé e wọlé. Iṣẹ́ di tèmi!

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò rọ̀, a sì bá ọkọ̀ pupa yẹn lẹ́bàá ọ̀nà, bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tó rà á káwọ́ lérí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, a sì gbé e dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í ṣí láti inú.  Bí a ṣe délé, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó ń fọ ọkọ̀ wa, kò sì tíì dẹ́kun láti ọjọ́ yẹn, láràárọ̀.

Bá mi kí ìyá wa, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Má-bẹ̀rù náà kí ọ.

Ó ku ohun kan. Iṣẹ́ ti pọ̀, mi ò lè máa fọṣọ kí n tún máa wakọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà bíi tìrẹ. Tí o bá ti já aṣọ sílẹ̀ nílé-ìwòsàn kí aago mẹ́fà tó lù, ọkọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ títí di ọ̀sán. Ìyá ọmọ mẹ́rin ló ti bi mí léèrè ìgbà tí o máa padà wá máa gbé ọmọ wọn lọ síléèwé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni Màmá Tíṣà kó fún mi. Ọ̀kan wà lọ́rùn mi. Èkejì ni mo fi aṣọ funfun wé sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé yìí. Máa bọ̀.

Èmi tí n kò ní panu mọ́ fún ọ mọ́ láéláé,
Onímú rẹ.