Abẹ́rẹ́ Tí N Ò Gún Sisí

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Mímú màlúù wá akọ pọ̀ — kí n kọ ọ́ síbí bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí láàárọ̀. Màlúù kọ̀ọ̀kan ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ nínú ara. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mọ́kànlélógún, á wá akọ fún ọjọ́ kan, ó parí. Họ́mónù ni oníṣẹ́ tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ń jíṣẹ́ fún ilé ọmọ. A ó fi oògùn kan sọ fún gbogbo wọn pé "ẹ dúró ná", a ó fi òmíràn sọ pé "ó yá", kí gbogbo wọn lè gba àtọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Àǹtí ní, "Ìyẹn ni pé o fẹ́ ki aago sí wọn nínú."

Àbúrò ìyá mi ni. Wàrà màlúù rẹ̀ ló fi rán mi níwèé títí mo fi di dókítà ẹran. Màlúù méjìlá. Mo mú ìwé iṣẹ́ dání, mo bi Àǹtí bóyá èyíkéyìí ti rí akọ; ó ní rárá. Mo tọwọ́ bọ inú wọn níkọ̀ọ̀kan — n ò bá oyún kankan. Mo ki rọ́bà olóògùn "ẹ dúró ná" sí wọn lójú ara. Sisí, tó ń rìn bí ẹni ń lọ sóde, kò bí láti ọdún méjì. Bí kò bá lóyún lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ alápatà ló ń lọ. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò wojú mi.

Ọjọ́rú, 4
Rọ́bà kankan ò já bọ́. Sisí tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ọ̀la ni abẹ́rẹ́ "ó yá". Mo sọ fún Àǹtí nídìí oúnjẹ pé abẹ́rẹ́ yìí ò mojú ẹnikẹ́ni: bó bá bá oyún nínú, á ṣẹ́ ẹ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọmọ-ìwé, má gún Sisí."

Àṣé ó ti mú un lọ sọ́dọ̀ akọ màlúù aládùúgbò, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó kọjá. Lẹ́yìn tí mo ti kìlọ̀ pé kó má mú èyíkéyìí lọ bá akọ! Ó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó ní, ṣé kóun wá sọ fún dókítà pé òun ò fọkàn tán abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni? Inú bí mi, ẹ̀rín sì pa mí.

Ọ̀la á pé ọjọ́ méjìlélógún. Ọwọ́ ò lè mọ oyún tí kò tíì tó bí ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Bí mo bá gún un, mo lè pa ọmọ. Bí n ò gún un, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, àtọ̀ tí wọ́n ń gbé bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ á fò ó — ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dé lọ́dún. Alápatà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo yọ rọ́bà méjìlá. Mo gún mọ́kànlá. Àǹtí di ìwo Sisí mú bíi pé mo fẹ́ jí i gbé.

Ọjọ́rú, 11
Àwọn mọ́kànlá ń gun ara wọn, ariwo gba gbogbo ọgbà. Sisí ń jẹ koríko. Àǹtí ní abiyamọ ò ráàyè eré. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Sisí kì í ṣe ẹ̀rí oyún.

Ọjọ́bọ̀, 12
Àgbá olótùútù tí wọ́n fi ń gbé àtọ̀ dé. Mo fi àtọ̀ sí mọ́kànlá kí oòrùn tó mú. Àwọn tó gbé àgbá wá gbé ìpín Sisí padà. Apá ń ro mí. Àǹtí fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ fún mi, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Ó pé ogójì ọjọ́ tí Sisí ti rí akọ. Mo gbé ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú dé. Àǹtí kọjú sógiri, ó ní kí n ṣáà sọ ọ́. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ohun kan bí ẹ̀wà, tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Ọkàn ni.

Ó wò ó títí. "Èyí tín-ín-tín yìí ni mo torí ẹ̀ parọ́ fún ọmọ mi."

Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi: kí o tó gún abẹ́rẹ́ kejì, jókòó ti ẹni tó ń fún wàrà. Bi í jẹ́jẹ́, láìmú ìwé dání, bóyá màlúù kankan ti rí akọ láàárín ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Bí ìdáhùn bá falẹ̀, dá abẹ́rẹ́ yẹn padà sínú àpò.