Ẹja Tó Jóná Lọ́jọ́ Àdúrà Bàbá Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Àǹtí Ràbí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àìrí bàbá wa. Mo kí Múfútàú àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ìyá tó wà nínú agboolé wa, pàápàá àwọn tó jókòó ti iṣẹ́ ata lọ́jọ́ àdúrà ọlọ́dún bàbá. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́. Múfú, jọ̀wọ́, má kà á nínú yàrá. Gbé àga síta, kí o kà á sókè. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pẹ̀lú, torí pé gbangba ni mo ti ba ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ara mi le, alihamudulilai. Òtútù ibí ti dé, yìnyín ti bo ọ̀nà, mo sì ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra kí n tó jáde. Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń fi èéfín yan ẹran ni mo ṣì wà. Mo ti sọ fún yín pé ọ̀gá ni mí níbẹ̀. N kì í ṣe ọ̀gá. Èmi ni mo ń kó èédú, tí mo ń ha ọ̀rá kúrò lára irin. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń ṣọ́ iná àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹran náà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń tò ó. Èmi kàn ń wo nọ́ńbà ojú rẹ̀ bí mo bá ń kọjá ni. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ló jẹ́ kí ẹ máa rò pé mo ti di ńlá. Bí mo bá délé, èmi nìkan ni, ìdúró ni mo sì máa ń jẹun.

Nígbà tí bàbá kú, n kò lè wá. Ẹ sin ín láìsí àkọ́bí rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé ìgbélùú mi wá pé, tí àdúrà ọlọ́dún rẹ̀ kù fẹ́ẹ́rẹ́, mo ní mo gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan hàn yín pé n kò kàn sọnù sí òkèèrè lásán. Mo ra irú ẹ̀rọ yẹn, mo gbé e wá sí Ìlọrin.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹja àrọ̀ ti kún abọ́ ńlá méjì. Àǹtí Ràbí ti fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn kó, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so ìrù wọn mọ́ ẹnu. Fún ẹni tí kò mọ̀ wá, Àǹtí Ràbí kì í ṣe ẹbí wa. Ọmọdébìnrin ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi láti kọ́ iṣẹ́ ẹja yíyan, kò sì lọ mọ́. Ó pọ̀n mí. Bí ó bá na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá, yóò sọ bóyá iná tó tàbí kò tó, kì í sì í ṣì í.

Mo ní kí wẹ́dà àdúgbò lu ihò sí ìdí àgbá yín. Mo fi fáànù kékeré sí ojú ihò náà, kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí èédú. Mo ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó bọ inú àgbá, wáyà rẹ̀ sì lọ sínú ẹ̀rọ. Fóònù mi ló kù tí mo fẹ́ so mọ́ ẹ̀rọ náà, láìsí wáyà láàárín wọn. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òógùn bò mí. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó gbà, nọ́ńbà jáde, àwọn ìyá sì pàtẹ́wọ́. Mo tẹ nọ́ńbà tí mo máa ń rí níbi iṣẹ́, igba ó lé márùndínlọ́gbọ̀n. Mo ní fáànù yóò máa fẹ́ títí ooru yóò fi dé ibẹ̀, yóò sì dúró fúnra rẹ̀, kí gbogbo yín lọ jókòó.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Ràbí fi na ọwọ́ sí àgbá, ó sì tètè fà á padà. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra ní, "Gàní, iná yìí ti pọ̀ jù fún ẹja."

Ǹ bá dá a lóhùn jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ń wò mí. Mo gbóhùn sókè pé kí ẹni tí kò lọ iléèwé fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣí ìdérí díẹ̀ láti wo inú, mo jágbe mọ́ ọn, ó pa á dé. Mo lọ kírun Àìlà.

Nígbà tí mo dé, èéfín dúdú ti gba gbogbo ojúde. Ọ̀rá ń jó nísàlẹ̀ àgbá, ẹja ti di èédú, àwọn àfáà sì ti ń wọlé. Ẹ bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní Àǹtí Ràbí ló ṣí àgbá, ni atẹ́gùn fi wọlé, ni iná bá ru. Lóòótọ́ ló ṣí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ mi wọ̀ yín létí.

Ẹ kọjú sí i níṣojú gbogbo wọn, ẹ ní, "Ràbí, lọ́jọ́ àdúrà ọkọ mi?"

Ó wo ojú mi. Èmi wo fóònù. Ó da omi sí èédú, ó fọ àgbá náà mọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Màlété lọ bá ọmọ rẹ̀. Múfú sáré lọ ra ẹja mìíràn ní ọjà Ìpàtà, àwọn àfáà sì jẹun.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa ẹ̀rọ náà ni mo rí lẹ́tà "C" kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ọ̀nà méjì ni ayé fi ń wọn ooru. Ọ̀kan ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ mi, èkejì ni ẹ̀rọ tí mo rà wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ní kó ra kóńgò èlùbọ́ méjì tó lọ ra àpò méjì ni: iye kan náà, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀. Èmi ni mo dáná sun ẹja àdúrà bàbá mi. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì tún lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ yín láì sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n forí jin Ràbí, pé àgbà ló ń dé sí i. Mo ní mo ti forí jìn ín.

Ìyá mi, gbólóhùn yẹn ni ìtìjú mi tó burú jù lọ.

Múfú sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nídìí àgbá báyìí, èéfín sì ń dà yín lójú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo pe Àǹtí Ràbí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ náà. Ó ní, "Mi ò lè sọ níwájú àfáà pé o ń purọ́, lọ́jọ́ àdúrà bàbá rẹ." Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá òtútù kò pọ̀ jù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọkọ̀ lọ sí Màlété fúnra yín. Ẹ mú méjì lára àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà dání, kí wọ́n gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ fún un pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Bí ó bá ní òun kò padà mọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ má sì tíì forí jìn mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ná.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ bàbá wa. Kó fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó má ṣe jẹ́ kí ojú yín ṣú. Mo kí àwọn àfáà tó ṣe àdúrà náà, mo kí tọmọdé tàgbà inú agboolé, ẹni tó bínú sí mi nísinsìnyí náà, mo kí i.

Ọmọ yín ni mí síbẹ̀,
Abdul-Gàníyù