Qòsím, A Ti Yọ "Ojú Kan" Kúrò Nínú Àwo Rẹ

Qòsím ọmọ Láwọ̀yín, okun o. Ọdún mẹ́ta pé lónìí tí tírélà gbá ọ̀kadà tó gbé ọ lójú ọ̀nà Ọ̀bájánà, tí wọ́n sì gbé ọ wá bá wa nínú aṣọ funfun kí oòrùn tó wọ̀. Èmi Nàíìmà ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la jọ ń bá ọ sọ̀rọ̀: Ìyá wa, Priscilla ìyàwó rẹ, àti Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ rẹ.

Ì bá wù wá kó jẹ́ ìròyìn ayọ̀ nìkan la mú wá. Ayọ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé tí Bàbá kú fi sílẹ̀ láìbò ti di odindi ilé. A ti kan páànù sí i, a ti kùn ún, Ìyá sì ń sùn nínú yàrá tí òjò kò lè bá a. Priscilla ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí wọ́n mú ọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Èkìnrìn-Àdé báyìí. Ọpẹ́dayọ̀, tí kò tíì lè dá jókòó nígbà tí adájọ́ rán ọ lọ sẹ́wọ̀n, ti wà ní kíláàsì kẹrin. Ó ti ga! Ìwọ gan-an ló jọ. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, Ìyá a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n orin rẹ ló bo ilé náà, Qòsím. Orin rẹ ló rán Priscilla padà sílé ìwé. Nínú gbogbo orin tó wà nínú àwo orin rẹ, "Ojú Kan" ló sì mówó wá jù. Ohun tí kò jẹ́ kí oorun wa dùn nìyẹn.

A ò lè gbàgbé bí àwo náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Babátọ́pẹ́ tó ń wá kọ́ ẹ̀yin ẹlẹ́wọ̀n ní kọ̀ǹpútà ló gbọ́ ọ níbi tí o ti ń ráàpù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, tó sì lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà. Inú yàrá tí wọ́n ń kó àpò ẹ̀wà sí ni ẹ ti ń gba ohùn sílẹ̀, torí pé àwọn àpò náà kì í jẹ́ kí ariwo wọlé. Ẹ fi fóòmù dí fèrèsé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á gbọ́ kọ́kọ́rọ́ wọ́dà nínú orin kẹta. Lọ́jọ́ tí Babátọ́pẹ́ kọ́kọ́ gbé orin náà wá nínú fóònù, Ìyá fi fóònù náà mọ́ etí bí ẹni tó ń gbọ́ bóyá ọmọ ọwọ́ ṣì ń mí.

O pe ara rẹ ní Ìjì Kábà. Ráàpù ìpáǹle ni, ti ìbọn, ti ọlọ́pàá, ti igbó mímu, èdè Owé wa ni o sì fi kọ ọ́! Owé tí àwọn ọmọ wa ti ń tijú láti sọ níta! Kí o tó jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n ti ń gbọ́ orin rẹ lọ́dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ láti Kábà dé Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ìgbàrùkù níbi tí a ò ti mọ ẹnì kankan. Inú wa dùn. Ẹ̀rù sì ń bà wá, torí a mọ Ebenezer.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun ló ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà, tó máa ń tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì lẹ fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ rò pé kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ẹnì kan nínú yín fi irin lù ú, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Láti ọjọ́ náà kò lè tún fóònù ṣe mọ́. Omi inú ọ̀rá ló ń tà. Ní kóòtù, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó di irin náà mú. Inú orin ni o ti wá sọ ọ́.

"Ojú kan ló rí mi, ojú kan náà ni mo gbà."

Bí o ṣe wí nìyẹn. Lẹ́yìn náà o rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wà nínú orin, a ò lè ní a ò gbọ́ ọ. Bíìtì á wá wọlé, gbì! Gbogbo ọ̀dọ́ á fò sókè.

Ọkàn wa ti ń dá wa lẹ́bi láti ìgbà náà, Qòsím, ṣùgbọ́n a ń rí nǹkan sọ. Nígbà tí o wà lẹ́wọ̀n, a ní orin lásán ni. Nígbà tí o jáde, tí àwọn ọlọ́kadà yí ọ ká bí ọba, a ní kí ìdùnnú náà rọlẹ̀ ná. Nígbà tí o kú, a ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Nígbà tí páànù dé, a kàn án mọ́lé.

Ní àsìkò kajú ọdún yìí ni ọ̀rọ̀ náà wá bá wa nílé.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti sọ Ebenezer ní Ojú Kan tipẹ́. Wọn a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn a máa kọ orin rẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ rẹ ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Kò mọ ohun tó dúró fún. Ebenezer yíjú padà, àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọpẹ́dayọ̀ dúró.

"Ọmọ ta ni ọ́?" Ebenezer bi í.

"Ọmọ Ìjì Kábà ni mí!"

Tayọ̀tayọ̀ ló fi dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún wa. Ebenezer dì í lọ́wọ́ mú, ó sìn ín wá sílé.

Ìyá ń ṣa kajú níwájú ilé. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Okun o, Màmá," ni Ebenezer wí. "Mo ní kí n mú ọmọ yìí dé ilé. Ọkọ̀ pọ̀ lójú títì, wọ́n sì ń sáré níbẹ̀."

Kò fi ẹjọ́ ọmọ sùn. A fún un ní àga, Priscilla lọ bu omi. Kó tó gbé omi dé, Ọpẹ́dayọ̀ ti súnmọ́ ọn, ó ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo nǹkan.

"Bàbá, kí ló ṣe yín lójú?"

Priscilla dúró gbagidi pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ebenezer wo Ìyá, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ìjàǹbá ni, ọmọ mi," ó ní. "Ìjàǹbá ló ṣe mí."

Ó mu omi, ó dúpẹ́, ó lọ. Qòsím! Ọkùnrin tí o fọ́ lójú ló purọ́, kí ọmọ rẹ má bàa tijú baba rẹ̀!

Ìyá ní òun ò lè sùn lábẹ́ orin yẹn mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Babátọ́pẹ́, ó ní kó yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tó bá gbé e sí. Babátọ́pẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní, "Màmá, orin yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Tí a bá yọ ọ́, kí ló máa kù lára Qòsím?"

"Èyí tó kù lára ọmọ mi," Ìyá dá a lóhùn, "kì í ṣe ojú olójú."

Mo gbè sẹ́yìn Babátọ́pẹ́. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ kò sí nínú orin mìíràn, Qòsím. Mo ti gbọ́ gbogbo wọn ní àgbọ́túngbọ́. O sunkún fún Ìyá nínú ọ̀kan, o bẹ Ọlọ́run nínú òmíràn. Mo ń wá ibi tí o ti sọ pé ọ̀rọ̀ Ebenezer dùn ọ́, mi ò rí i. Ì bá wù mí kí n sọ fún ayé pé o ronú pìwà dà. Mi ò mọ̀. O ò sọ fún wa, àwa náà ò bi ọ́. Ẹ̀rín nìkan ni mo rí, ẹ̀rín náà ni mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Priscilla ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ìyàwó rẹ ti fọwọ́ sí i. Babátọ́pẹ́ yọ ọ́.

A lọ sọ fún Ebenezer. Rebecca ìyàwó rẹ̀ ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, kò sì yà fún wa. Ó ní, "Ojú ọkọ mi lẹ fi bo ilé yín." Òótọ́ ni. Ebenezer ló pè wá wọlé látinú yàrá. Ìyá kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó sọ ohun tí a ṣe.

"Ẹ dìde, Màmá," Ebenezer wí. "Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé orin náà dùn. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo ń mi orí sí i, kí n tó rántí pé èmi ni wọ́n ń kọ lórin."

Kò sọ pé òun dárí jì ọ́. Kò sì sọ pé òun ò dárí jì ọ́. A ò bi í.

Orin náà ṣì wà nínú fóònù àwọn èèyàn; a ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. A ò lè tú páànù. Èmi gan-an, tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń bá a lẹ́nu mi, màá sì gé e kúrò. Priscilla ti sọ òótọ́ fún Ọpẹ́dayọ̀. Ó bi í pé, "Ṣé Dádì mi burú ni?" Priscilla ní, "Ó ṣe ohun tó burú. A sì fẹ́ràn rẹ̀." Ọ̀nà ẹ̀yìn lọmọ náà ń gbà lọ sílé ìwé báyìí, kó má bàa pàdé Ebenezer.

Àárò rẹ ń sọ wá, Qòsím! Àárò rẹ ń sọ wá lọ́jọ́ tí inú wa dùn, ó ń sọ wá lọ́jọ́ tí ojú ń tì wá, ọjọ́ tí ojú ń tì wá ló sì ń sọ wá jù. A ò mọ bí a ṣe lè ṣàárò rẹ láìrántí ojú ọkùnrin yẹn. A ti gbìyànjú.

Àlùfáà sọ fún wa pé àwọn málékà máa ń bi òkú ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ojú Ebenezer, àbúrò mi, jọ̀wọ́, má fi orin dá wọn lóhùn. Sọ òótọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ló ṣì fẹ́ràn ìwọ yìí láyé, dárúkọ wa.